Títọ Okùn Dé Ìdí Rẹ̀

Afárá méje ni ó wà ní ìlú Königsberg ní àtijọ́, ìlú tí a ń pè ní Kaliningrad ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà lónìí. Àwọn ará ìlú a máa bi ara wọn léèrè bóyá ènìyàn lè rin orí afárá méjèèje já láìgba èyíkéyìí lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọdún 1736, Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò, fi hàn pé kò ṣeé ṣe. Kò wo gígùn afárá, kò sì wo bí odò ti fẹ̀ tó. Ohun tí ó wò ni ilẹ̀ tí afárá kọ̀ọ̀kan so pọ̀. Bí a bá pe ilẹ̀ ní kókó, tí a sì pe afárá ní okùn, àwọ̀n ni a ní lọ́wọ́ yẹn. Láti inú èrò yìí ni odidi ẹ̀ka kan nínú ìmọ̀ ìṣirò ti jáde.

Púpọ̀ nínú àkọsílẹ̀ tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà ni a tò bí ìwé tí a fa ìlà sí: orúkọ ní ìhín, àdírẹ́sì ní ọ̀hún. Ètò yìí dára bí a bá fẹ́ mọ iye tí Lágbájá san. Ṣùgbọ́n bí a bá ń wá ẹni tí ó mọ ẹni tí ó mọ Lágbájá, kọ̀ǹpútà ní láti máa ti inú ìwé kan bọ́ sínú òmíràn, iṣẹ́ náà a sì di ìnira. Nítorí èyí ni àwọn amòye fi ṣe àká àkọsílẹ̀ irú mìíràn, tí ó ń pa okùn gan-an mọ́ pẹ̀lú kókó.

Ayé rí ìwúlò rẹ̀ ní ọdún 2016. Ìwé àṣírí bíi mílíọ̀nù 11.5 jáde láti ọ́fíìsì àwọn agbẹjọ́rò Mossack Fonseca ní orílẹ̀-èdè Panama. Ta ni yóò fi ojú kà wọ́n tán? Àwọn akọ̀ròyìn tí ó lé ní 300, láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, pín iṣẹ́ náà ṣe. A kó orúkọ ènìyàn, ilé-iṣẹ́ àti àdírẹ́sì sínú àká aláwọ̀n kan tí ń jẹ́ Neo4j, wọ́n sì ń wò ó nínú bùráúsà, èyíinì ni ojú tí a fi ń ka ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí akọ̀ròyìn bá tẹ orúkọ kan, àwọn okùn tí ó ti ara rẹ̀ jáde a hàn gbangba. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ni ó rú òfin o. Síbẹ̀ ìròyìn náà kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan nígboro tí olórí ìjọba Iceland, Sigmundur Davíð Gunnlaugsson, fi kúrò ní ipò, nítorí ilé-iṣẹ́ kan tí òun àti aya rẹ̀ ti ní ní òkèèrè.

Fífi ojú tọ okùn nìkan kò tó. Àwọn ọgbọ́n ìṣirò kan wà tí a ti ṣe sílẹ̀, bí irú èyí tí Edsger Dijkstra, ará Netherlands, tẹ̀ jáde ní 1959, tí a fi ń rí ọ̀nà tí ó kúrú jù lọ láti kókó kan dé òmíràn. Aṣọ tí a rán sílẹ̀ lọ́jà ni wọ́n jọ. Ẹni tí kò bá bá a mu ní láti gé tirẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ mú bírò kí ẹ ṣírò. Ká ní ilé-iṣẹ́ Àràbà ni ó ni ìdá 60 nínú 100 ilé-iṣẹ́ Ìrókò, tí ilé-iṣẹ́ Ọ̀pẹ sì ni 40 yòókù. Ọkùnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé Ìrókò rárá, ṣùgbọ́n ó ni ìdá 50 nínú Àràbà àti ìdá 25 nínú Ọ̀pẹ. Ìdajì 60 jẹ́ 30. Ìdá kan nínú mẹ́rin 40 jẹ́ 10. Ìdá 40 Ìrókò wà lọ́wọ́ ẹni tí a kò rí! Ọgbọ́n Dijkstra lè tọ́ka ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní sọ iye tí ó ní.

Láti kọ ọgbọ́n tí yóò sọ ọ́, a lè lo GraphStudio, ohun èlò tí ilé-iṣẹ́ TigerGraph ti Amẹ́ríkà ṣe, tí a ń ṣí nínú bùráúsà. A ó ya irú kókó àti irú okùn tí a fẹ́, a ó kó àkọsílẹ̀ wọlé, lẹ́yìn náà a ó kọ àṣẹ ní èdè GSQL. Èdè yìí gbà kí kókó kọ̀ọ̀kan ní àpò kékeré kan. A fi 100 sínú àpò Ìrókò. Bí a ti ń tọ okùn kọ̀ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó ni ín, a ń fi ìdá tirẹ̀ ṣe ìsọdipúpọ̀, a sì ń jù ú sínú àpò onítọ̀hún. Ohun tí ó bá ti ọ̀nà méjì dé a ó ròpọ̀. A ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, títí a ó fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò sí olówó lẹ́yìn rẹ̀ mọ́.

Àwọn alárékérekè ní ọgbọ́n tiwọn náà. Wọn a mú kí Àràbà ni apá kan Ọ̀pẹ, kí Ọ̀pẹ náà sì ni apá kan Àràbà. Kọ̀ǹpútà tí a kò bá fún ní ààlà a máa yí po láàárín àwọn méjèèjì láìdúró. Nítorí náà akọ̀wé àṣẹ ní láti sọ iye ìgbà tí yóò rìn, bóyá mẹ́wàá, kí ó tó dúró. Kí ó sì kọ́kọ́ dán an wò lórí àwọ̀n kékeré tí a ṣírò lókè yìí. Bí àpò ọkùnrin náà bá fi iye mìíràn hàn yàtọ̀ sí 40, àṣìṣe wà nínú àṣẹ, a kò sì gbọdọ̀ tíì fi orúkọ ẹnikẹ́ni sínú ìwé ìròyìn.