Nígbà Tí Àkọ́rọ̀ Bá Tanni

Ilé kún Sabon Zongo ní Accra débi pé ẹni tó bá fẹ́ gbin ata níbẹ̀, inú ike ló máa gbìn ín sí. Àwọn Hausa tó tẹ̀ lé Malam Bako ló tẹ àdúgbò náà dó ní ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. “Zongo tuntun” ni orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí. Lónìí, Hausa, Yorùbá àti oríṣiríṣi ẹ̀yà míì ló jọ ń gbé ibẹ̀. Kò sí oko níbẹ̀, àmọ́ kò sí ilé tí ọ̀rọ̀ òjò kò kàn. Jéró tí wọ́n fi ń ṣe kókó àárọ̀, àgbàdo tí wọ́n fi ń ro túwó, ẹ̀wà inú wáákyè, oko tó ń retí òjò ni gbogbo wọn ti wá.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan ń ta kókó níbẹ̀. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ó fi owó kókó gba ilẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀nà Kasoa kó lè gbin àgbàdo. Ní àárín oṣù Kẹta, òjò ńlá kan rọ̀. Ó ra irúgbìn, ó san owó alágbàṣe, wọ́n sì gbìn ín lọ́jọ́ kejì. Àgbàdo náà hù dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn, oòrùn ràn fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìsí ẹ̀kán òjò kan. Ìgbà tí òjò fi padà dé, èyí tó pọ̀ jù nínú àgbàdo náà ti gbẹ.

Mo bi í pé: “Màmá, kí ló dé tí ẹ ò fi dúró díẹ̀ sí i?”

Ó ní: “Kí n dúró dìgbà wo? Kí àgbàdo ẹlòmíì ti kan orúnkún kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá alágbàṣe kiri? Ọmọ mi, ẹni tó bá pẹ́ gbìn náà máa ń jẹ gbèsè.”

Òótọ́ ni Màmá sọ. Accra àti agbègbè rẹ̀ wà lára ibi tí òjò ti kéré jù ní gúúsù Ghana. Òjò ibẹ̀ máa ń pọ̀ jù ní oṣù Karùn-ún àti oṣù Kẹfà, á dín kù gan-an ní oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, á sì tún rọ̀ díẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá. Àgbàdo ní àkókò kan tí kò lè fara da òùngbẹ, ìyẹn ìgbà tó bá ń yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ sì ń hu irun. Ẹ jẹ́ ká mú Obatanpa, àgbàdo tí wọ́n gbé jáde ní Ghana lọ́dún 1992, tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí abiyamọ rere ní èdè Twi. Ó máa ń tó nǹkan bí ọjọ́ 105 sí 110 kó tó gbó. Tí a bá gbìn ín ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin, ìparí oṣù Karùn-ún tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ló máa yọ ìrùkẹ̀rẹ̀, nígbà tí òjò ṣì pọ̀. Tí a bá dúró di ìparí oṣù Karùn-ún, oṣù Keje ni ìrùkẹ̀rẹ̀ máa yọ, nígbà tí òjò ti ń palẹ̀ mọ́. Ẹni tó yá jù pàdánù irúgbìn, ẹni tó pẹ́ jù pàdánù ọmọ àgbàdo.

Ohun tí àgbẹ̀ fẹ́ mọ̀ ní oṣù Kẹta ni pé, òjò tó rọ̀ lánàá yìí, ṣé òmíì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀? Ọpọlọ èèyàn kò lè dáhùn ìbéèrè yẹn dáadáa. Ọdún tó burú jù àti ọdún tó dáa jù la máa ń rántí. Àwọn tó wà láàárín máa ń wọ́ mọ́ra wọn. Ìwé tí wọ́n ti ń kọ iye òjò sí lójoojúmọ́ fún ọgbọ̀n tàbí ogójì ọdún kò ní irú ìṣòro yẹn.

Lọ́dún 1988, onímọ̀ ojú ọjọ́ kan tó ń jẹ́ Sivakumar gbé iṣẹ́ kan jáde láti Niamey, lórílẹ̀-èdè Niger. Ó yẹ àkọsílẹ̀ òjò ojoojúmọ́ láti ọ̀pọ̀ ibùdó wò, ó sì fi òfin kan lélẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún, tí òjò ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ léra bá tó mìlímítà 20, tí kò sì sí ọ̀dá tó ju ọjọ́ méje lọ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ìgbà yẹn ni ìgbà òjò tó bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́. Ẹ wo apá kejì òfin náà dáadáa, nítorí òun ló pa àgbàdo Màmá. Ó tún rí i pé ní àwọn ìlú yẹn, tí òjò bá tètè bẹ̀rẹ̀, àsìkò ọ̀gbìn máa ń gùn sí i, tó bá sì pẹ́, àsìkò náà á kúrú. Ìyẹn ni pé ọjọ́ tí òjò bẹ̀rẹ̀ lè sọ fún àgbẹ̀ irú irúgbìn tó yẹ kó rà.

Àwọn tiwa náà ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Lọ́dún 2000, Omotosho, Balogun àti Ogunjobi láti Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́ fi hàn bí èèyàn ṣe lè lo ohun tí àwọn ibùdó orí ilẹ̀ nìkan ń wọ̀n, bí ooru àti ọ̀rinrin, láti sọ ìgbà tí òjò máa bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó máa dáwọ́ dúró ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Lọ́dún 2006, Adejuwon àti Odekunle gbé iṣẹ́ jáde lórí ìsinmi òjò tó máa ń wáyé ní nǹkan bí oṣù Kẹjọ ní ilẹ̀ Yorùbá, pé kì í rí bákan náà lọ́dọọdún.

Àwọn tó ń ṣe irúgbìn tuntun náà ń wo irú ìwé bẹ́ẹ̀. Tí àkọsílẹ̀ bá sọ pé àsìkò òjò ibì kan kì í sábà gùn tó 110 ọjọ́, kò sí ìdí láti máa ta Obatanpa fún wọn. Lọ́dún 2010, wọ́n gbé Omankwa jáde ní Ghana, tó máa ń gbó ní nǹkan bí 90 ọjọ́, àti Abontem tó máa ń gbó kó tó di 80 ọjọ́. Irúgbìn tó tètè gbó kì í sábà so tó èyí tó pẹ́ nílẹ̀ tí òjò bá dára, nítorí náà kì í ṣe ohun tí wọ́n kàn lè fún gbogbo èèyàn.

Àwọn tó dàgbà ní Sabon Zongo kò jẹ́ gbàgbé 1983. Ọ̀dá dé, iná jó igbó àti oko, ó sì bọ́ sí ọdún tí àwọn ará Ghana tó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ń padà bọ̀ láti Nàìjíríà lẹ́yìn tí ìjọba lé wọn. Ebi pa èèyàn débi pé wọ́n ń pe egungun ọrùn tó yọ síta ní “ẹ̀wọ̀n Rawlings”. Àkọsílẹ̀ òjò tó bẹ̀rẹ̀ ní 1990 kò mọ̀ pé irú ọdún bẹ́ẹ̀ lè wáyé. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùṣèwádìí fi máa ń wá ìwé àtijọ́ kiri, títí kan èyí tí eku ti jẹ etí rẹ̀.

Ohun kékeré kan wà tó máa ń ba irú ìwé bẹ́ẹ̀ jẹ́. Tí òjò kò bá rọ̀, ẹni tó ń kọ ọ́ gbọ́dọ̀ kọ 0. Tí ara rẹ̀ kò bá yá tí kò lè lọ wò ó, ó gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ kó sì sọ ìdí. Tí wọ́n bá ka àyè òfìfo sí 0, ọ̀dá tí kò wáyé rí máa hàn nínú ìwé.

Orílẹ̀-èdè Mali ti fi èyí ṣe iṣẹ́ àgbẹ̀ fúnra wọn. Láti 1982, iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn àgbẹ̀ ní ike tí wọ́n fi ń wọn òjò nínú oko wọn, pẹ̀lú ìwé tó sọ iye òjò tó gbọ́dọ̀ ti rọ̀ kí wọ́n tó gbin oríṣi irúgbìn kọ̀ọ̀kan. Lóde òní, àjọ TAHMO ń gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n ojú ọjọ́ sí ọgbà iléèwé ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà, títí kan Ghana àti Nàìjíríà, kí àwọn ọmọ lè fi kẹ́kọ̀ọ́.

Mo sọ ti Mali fún Màmá. Ọmọ ọmọ rẹ̀, tó wà ní kíláàsì karùn-ún, ló gba ọ̀rọ̀ náà kan. Ó wá agolo mílíìkì tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gún régé, ó gbé e sí ẹ̀yìnkùlé ní Sabon Zongo, ó sì ń fi rúlà wọ̀n ọ́n láràárọ̀. Mìlímítà kan túmọ̀ sí lítà omi kan lórí ilẹ̀ tí gígùn àti fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan. Olùkọ́ rẹ̀ ló kọ́ ọ.

Màmá wò ó lọ́jọ́ kan, ó ní: “Òjò Sabon Zongo kọ́ ló ń bomi rin oko mi.” Bẹ́ẹ̀ sì ni, nítorí òjò lè rọ̀ ní Kaneshie kí Kasoa gbẹ táútáú. Wọ́n gbé agolo kejì lọ fún ẹni tó ń ṣọ́ oko, pẹ̀lú ìwé àti bírò.

Ní oṣù Kẹta tó kọjá, òjò àkọ́kọ́ rọ̀. 14 ló wà nínú ìwé oko. Lẹ́yìn ìyẹn, 0, 0, 0, 0. Irúgbìn Màmá ṣì wà nínú àpò lábẹ́ ibùsùn.