Ibà lọ tán, ẹsẹ̀ kò gbé ara mọ́: nígbà tí ọmọ ogun ara bá ń bá ara jà

Ẹnì kan ṣe ibà, ibà náà lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó ń ṣe é bí ẹni pé èèrà ń rìn ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Kò pẹ́ tí agbára fi ń tán ní ẹsẹ̀ méjèèjì, tó gun itan, tó dé apá. Nílẹ̀ wa, ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé ó ti tẹ oògùn mọ́lẹ̀. Àwọn dókítà ń pe àìsàn yìí ní Guillain-Barré.

Kí ló fà á? Bí kòkòrò fáírọ́ọ̀sì bá wọ ara, ara máa ń rán ọmọ ogun rẹ̀ jáde. Àmì ni wọ́n fi ń dá ọ̀tá mọ̀. Àwọn onímọ̀ sọ pé nígbà mìíràn, àmì ọ̀tá máa ń jọ ti ara fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun náà á wá kọjú ìjà sí àwọn iṣan tó ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ lọ sí apá àti ẹsẹ̀. Wọ́n á máa bó ohun tó bo iṣan náà, bí ìgbà tí eku jẹ rọ́bà ara wáyà iná.

Zika, tí ẹ̀fọn ń gbé kiri, wà lára àwọn tó ń fà á. Uganda ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i lọ́dún 1947. Nígbà tó jà ní erékùṣù Polynesia ti ilẹ̀ Faransé, lọ́dún 2013 sí 2014, ènìyàn 42 ni Guillain-Barré mú. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ran 12 nínú wọn lọ́wọ́ láti mí. Kò sí ẹni tó kú nínú wọn.

Ibẹ̀ ni ewu wà: àìlera yìí lè gòkè dé àyà, kí èémí má lè já geere mọ́. Àgbo kò lè ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ yẹn.

Ẹ má bẹ̀rù, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ṣe ibà ló ń mú, kò wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n bí agbára bá ń tán láti ẹsẹ̀ lọ sókè lẹ́yìn ibà tàbí ìgbẹ́ gbuuru, a bẹ̀ yín, ẹ gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ sọ fún dókítà pé ibà ti ṣáájú. Ìtọ́jú wà tó ń dín ìjà náà kù, ọ̀pọ̀ ló sì ń padà rìn, bó tilẹ̀ lè gba oṣù púpọ̀.

Ẹ sì máa bo ìkòkò omi, kí ẹ da omi inú táyà àtijọ́ nù. Ibẹ̀ ni ẹ̀fọn Zika ń yé sí, ọ̀sán ló sì máa ń jẹni jù.