Òtútù Àyà Ẹlẹ́dẹ̀: Orúkọ Kan, Kòkòrò Oríṣiríṣi

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìka kò dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn kòkòrò tí ń fa òtútù àyà sí ẹlẹ́dẹ̀ lára. Ó yẹ kí ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ní ìlú Benin àti agbègbè rẹ̀ mọ èyí, nítorí owó tí ẹ ti ná sórí oúnjẹ ẹran lè ṣòfò láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Nígbà tí ẹlẹ́dẹ̀ bá ń wúkọ́, tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí kò sì jẹun mọ́, ọ̀pọ̀ a máa béèrè oògùn tí aládùúgbò lò, wọn a sì ra irú rẹ̀ lọ́jà. Ṣùgbọ́n oògùn tí ó wo ẹran aládùúgbò sàn lè má ran tiyín rárá.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ méjì wò nínú àwọn kòkòrò náà. Èkíní ni Actinobacillus pleuropneumoniae, tí ó lè pa ẹlẹ́dẹ̀ láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Irú rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ti dá mọ̀ tó 19. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a fi òkú irú kan ṣe kì í sábà dáàbò bo ẹran lọ́wọ́ irú mìíràn. Èkejì ni Mycoplasma hyopneumoniae, tí ikọ́ rẹ̀ máa ń pẹ́ lára, tí kì í jẹ́ kí ẹran tètè sanra. Kòkòrò yìí kò ní èèpo líle tí ń bo ara àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ èèpo náà gan-an ni pẹnisílíìnì ń bà jẹ́. Ẹni tí ó bá ń gún ẹran ní pẹnisílíìnì nítorí rẹ̀, owó ni ó ń dà nù.

Ní ọdún 2005, àwọn onímọ̀ ní orílẹ̀-èdè Brazil tẹ àbùdá ìran méjì kòkòrò kejì yìí jáde, èyíinì ni ìlànà ìṣẹ̀dá tí òbí ń fi lé ọmọ lọ́wọ́. Ìran kan ń fa àrùn, èkejì kì í fa á. Síbẹ̀ orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ́.

Kí ni ṣíṣe? Bí ikọ́ bá wọ ọgbà yín, ẹ tètè ké sí dókítà ẹranko. Bí ẹran bá kú, kí ó yẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ wò, kí a lè mọ kòkòrò tí ó wà níbẹ̀ kí a tó yan oògùn fún àwọn tí ó kù. Ẹ lo oògùn náà pé bí ó ti wí, nítorí ìlòkulò oògùn ni ó ń mú kí ìran kòkòrò tí oògùn kò ràn gbilẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ tuntun tí ẹ bá rà, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán. Ó lè gbé ìran kòkòrò tí ẹran yín kò tíì bá pàdé rí wá. Ẹ sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa wọ ilé ẹran dáadáa.

Owó àyẹ̀wò lè dà bí ìnáwó àfikún, ṣùgbọ́n kò tó owó ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ tí ó ṣófo.