Kí Ni Kárọ́ọ̀tì Yẹn Ń Kọ́ Ẹṣin Yín?

Ní ọdún 1904, ẹṣin kan tó mọ ìṣirò ni wọ́n ń sọ káàkiri ìlú Berlin, ní Jámánì. Hans lorúkọ rẹ̀. Tí wọ́n bá bi í pé mẹ́ta pẹ̀lú mẹ́rin jẹ́ mélòó, á fi pátákò ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀méje, á sì dúró. Wilhelm von Osten tó ni ín, ẹni tó ti ṣe olùkọ́ ìṣirò rí, á wá fún un ní kárọ́ọ̀tì, búrẹ́dì tàbí ṣúgà.

Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ dìde láti wò ó bóyá ẹ̀tàn wà níbẹ̀. Wọn ò rí ẹ̀tàn kankan. Lẹ́yìn náà ni onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Oskar Pfungst wá dán nǹkan méjì wò. Ó ní kí ẹni tí kò mọ ìdáhùn béèrè ìbéèrè: Hans kùnà. Ó ní kí ẹni tó mọ̀ ọ́n dúró síbi tí Hans ò ti lè rí i: Hans tún kùnà. Àṣírí tú. Tí Hans bá ti lu ilẹ̀ dé iye tó yẹ, ẹni tó ń béèrè máa ń gbé orí sókè díẹ̀ láìmọ̀. Ohun tí Hans ń ṣọ́ nìyẹn.

Ìṣirò ni von Osten rò pé òun ń fi kárọ́ọ̀tì kọ́ ọ. Ohun tí Hans kọ́ ni pé, tí orí bá ti gbéra, kí òun dúró, oúnjẹ ti dé. Ẹ rí i, ìpanu kì í kọ́ ẹṣin ní ohun tó wà lọ́kàn wa. Ohun tí ẹṣin ṣe gẹ́lẹ́ kí oúnjẹ tó kàn án lẹ́nu ló máa tún ṣe lọ́la.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sílé. Kárọ́ọ̀tì wà lápò yín, ẹṣin fẹnu ti àpò náà, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ sì fún un. Kí lẹ kọ́ ọ? Pé títi èèyàn ló ń mú oúnjẹ wá. Lọ́la á tì yín kíkankíkan. Tó bá yá, á bẹ̀rẹ̀ sí í gé èèyàn jẹ. Ẹṣin ńlá lè wúwo tó 500 kílò, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ìgbà yẹn làwọn èèyàn á wá ní ìkà ni ẹṣin náà, wọ́n á fa pàṣán yọ.

Ṣé kí a má fún ẹṣin ní ìpanu mọ́ ni? Rárá o. Ní 2010, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Rennes, ní ilẹ̀ Faransé, gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ẹṣin láti dúró jẹ́ẹ́ tí wọ́n bá pàṣẹ. Àwọn tí wọ́n ń fún ní oúnjẹ tètè mọ̀ ọ́n ju àwọn tí wọn ò fún ní nǹkan kan lọ, wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ gé èèyàn jẹ. Ọ̀nà tí a gbà fún un ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Àkọ́kọ́, ẹ yára. Tí ẹṣin bá gbé ẹsẹ̀ bí ẹ ṣe fẹ́, tí ẹ wá ń wá kárọ́ọ̀tì lápò, á ti sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ kó tó jẹ ẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń lo ohùn kúkúrú kan. Wọ́n á kọ́kọ́ kọ́ ẹṣin pé tí ohùn náà bá dún, oúnjẹ ń bọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á jẹ́ kó dún lásìkò tó ṣe é gan-an.

Èkejì, ẹ dúró títí á fi gbé orí kúrò lára yín. Orí àtẹ́lẹwọ́ tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni kí ẹ gbé e sí. Ẹṣin ò lè rí ohun tó wà lábẹ́ imú rẹ̀, ètè ló fi ń wá a, ó sì lè ṣèèṣì gé ìka jẹ.

Ẹ̀kẹta, kó kéré. Òòró ni kí ẹ gé kárọ́ọ̀tì, kó má baà há a lọ́fun. Ẹṣin kì í bì. Ṣúgà àpọ̀jù sì lè dá àìsàn sí àwọn ẹṣin kan ní pátákò.

Tí ẹṣin yín bá wá ń hùwà tí ẹ ò fẹ́, ẹ fi pàṣán sílẹ̀ ná. Ẹ bi ara yín pé: kí ló ń ṣe nígbà tí mo fún un ní kárọ́ọ̀tì ìjẹta?