Iṣẹ́ Ilé Tí Kò Ní Owó Oṣù

Bí a bá bi ọkùnrin kan léèrè pé, “Iṣẹ́ wo ni aya rẹ ń ṣe?”, bí aya náà kò bá ní ṣọ́ọ̀bù, èsì tí a óò gbọ́ ni pé, “Kò ṣe nǹkan kan. Ilé ni ó wà.” Èmi pàápàá ti dáhùn bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, mo mú ìwé àti kálámù, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ akọ̀wé mi, mo sì kọ gbogbo ohun tí ìyá àwọn ọmọ mi ṣe sílẹ̀: omi pípọn, ilé gbígbá, ọmọ wíwẹ̀, aṣọ fífọ̀, oúnjẹ sísè, àti ìtọ́jú ìyá mi arúgbó tí kò lè dá rìn mọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ojú ìwé náà ti kún. Ojú sì tì mí.

Ẹgbẹ́ àgbáyé tí ń bójú tó ọ̀ràn òṣìṣẹ́, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Geneva, ṣe irú ìṣirò yìí fún gbogbo ayé ní ọdún 2018. Wọ́n rí i pé iṣẹ́ ilé àti ìtọ́jú tí a ń ṣe láìgba owó dàbí ìgbà tí 2,000,000,000 ènìyàn bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí 8 lójúmọ́ láìgba kọ́bọ̀. Bí a bá pín in sí ọ̀nà mẹ́rin, àwọn obìnrin ni ó ń ṣe ju mẹ́ta lọ.

Ǹjẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè mú owó wá? Ẹ wo ẹ̀kọ. A óò rẹ àgbàdo, a óò lọ̀ ọ́, a óò sẹ́ ẹ, a óò ro ó lórí iná títí yóò fi ki, a óò sì fi ewé pọ́n ọn. Ẹlẹ́kọ gba gbogbo ìnira yìí kúrò lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé, ó sì sọ ọ́ di òwò tí ó fi ń rán ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni alágbàfọ̀.

Ìtọ́jú ọmọdé àti arúgbó ni ó kù. Ní ọdún 2015, orílẹ̀-èdè Uruguay ṣe òfin pé kí ìjọba bá ìdílé gbé ẹrù yìí, kí a sì kọ́ àwọn olùtọ́jú ní iṣẹ́ náà, kí wọ́n sì máa gba owó. Báyìí ni ìyá kan yóò ṣe ráyè lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀, tí ẹlòmíràn yóò sì rí iṣẹ́ nínú ilé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra. Bí a bá mú ọmọ tálákà wá láti abúlé, tí a pè é ní ọmọ ọ̀dọ̀, tí àwọn ọmọ wa ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí òun sì dúró ti ìkòkò, a kò dá iṣẹ́ kankan sílẹ̀. A kàn sọ ẹrù náà kalẹ̀ lórí aya wa, a sì gbé e lé orí ọmọ ọlọ́mọ ni. Àdéhùn tí ẹgbẹ́ Geneva ṣe ní ọdún 2011 sọ pé kí a máa san owó òṣìṣẹ́ inú ilé, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ó sì ní ìsinmi wákàtí 24 lọ́sẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin baálé ilé, ẹ ka iṣẹ́ náà ná; ẹ ṣe èyí tí agbára yín ká; èyí tí ẹ bá sì gbé fún ẹlòmíràn, ẹ san owó rẹ̀. Èmi ni mo ń pọn omi òwúrọ̀ nísinsìnyí. Opó kan ní àdúgbò wa sì ń wá tọ́jú ìyá mi ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Owó rẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń kọ sínú ìwé ìnáwó ilé wa lóṣooṣù, kí a tó kọ tèmi.