Nígbà tí Ọmọ Bá Di Òbí fún Àwọn Òbí Rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ṣùgbọ́n bí òkété bá ń wá ọmú ọmọ nígbà tí ọmọ náà kò tí ì kúrò lọ́mọdé ńkọ́? Ìbéèrè yìí ni sinimá Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Wildflower gbé síwájú wa.

Matt Smukler ni ó darí rẹ̀, Toronto ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ fi í han ayé ní ọdún 2022. Inú ìtàn ẹbí rẹ̀ ni ó ti fa ìtàn náà yọ. Ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Bea wà ní ìdùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn láìmọ ibi tí ó wà. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń ro ìgbésí ayé rẹ̀ fún wa. Láti inú oyún ni ọpọlọ ìyá rẹ̀ kò ti pé. Ìjàǹbá ni ó ba ti bàbá rẹ̀ jẹ́. Wọ́n fẹ́ràn ọmọ wọn dọ́ba, ṣùgbọ́n ọmọ yìí ni ó ń ronú fún gbogbo ilé. Nígbà tí ó tó àkókò láti lọ sí Yunifásítì, ọkàn rẹ̀ pín sí méjì: bí òun bá lọ, ta ni yóò máa tọ́jú wọn?

Kí ni èyí kan àwa tí a ń gbé Dutsen Kura ní Minna? Ó kàn wá gidigidi. Nínú agbo ilé wa ní ìlú, ẹnìkan kì í nìkan tọ́ ọmọ. Bí ìyá kò bá lè ka oògùn, ìyá àgbà wà níbẹ̀. Bí bàbá kò bá lè ka owó, àbúrò rẹ̀ yóò bá a kà á. Ṣùgbọ́n nínú yàrá tí a háyà ní Dutsen Kura, agbo ilé kò sí. Bí irú àwọn òbí bẹ́ẹ̀ bá wà láàárín wa, ọmọ wọn ni yóò máa bá onílé sọ̀rọ̀, òun náà ni yóò sì máa ṣe ògbufọ̀ Hausa fún wọn níwájú dókítà.

Kí a gba ọmọ náà kúrò lọ́wọ́ wọn kọ́ ni àtúnṣe. Abala 23 nínú àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ọdún 2006, tí Nàìjíríà fi òǹtẹ̀ lù ní ọdún 2010, kọ̀ ọ́ pé kí a ya ọmọ nípá kúrò lọ́dọ̀ òbí nítorí àbùkù ara tàbí ti ọpọlọ nìkan. Ìrànlọ́wọ́ ni ó yẹ wọ́n.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú di agbo ilé. Kí ìyá kan nínú ẹgbẹ́ máa tẹ̀ lé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Kí àgbàlagbà kan máa bá wọn ṣètò owó ilé. Kí ọmọ náà lè ráyè lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Kí a sì yé pe àwọn òbí rẹ̀ ní wèrè lójú rẹ̀. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé kì í ṣe wèrè.

Ẹ̀yin tí ẹ fi ilé sílẹ̀ wá síbí, ẹ bojú wẹ̀yìn pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ pé àbúrò yín kan ni ó ń dá gbé irú ẹrù yìí nílé, owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ nìkan kò tó. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ohun tí òun náà fẹ́ fi ayé rẹ̀ ṣe.