Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Frente Amplio ti orílẹ̀-èdè Uruguay

Oṣù Kejì ọdún 1971 ni àwọn sósíálíìsì, kọ́múníìsì, àwọn Kristẹni kan àti àwọn tó ya kúrò nínú ẹgbẹ́ Colorado àti Blanco para pọ̀ dá Frente Amplio sílẹ̀, láti bá ẹgbẹ́ àtijọ́ méjèèjì yìí, tí wọ́n ti ń ṣàkóso Uruguay láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, díje. Líber Seregni, ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ olùdíje ẹgbẹ́ náà fún ipò ààrẹ, rí nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 ìbò lọ́dún náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba apàṣẹwàá bẹ̀rẹ̀ ní 1973, wọ́n fòfin de ẹgbẹ́ náà, wọ́n sì fi Seregni sẹ́wọ̀n. Nígbà tí ó gba òmìnira ní oṣù Kẹta 1984, ó dúró ní bákónì ilé rẹ̀, ó sì bá èrò tó kún ìsàlẹ̀ sọ̀rọ̀ àlàáfíà. Fún ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí màbo, ìwà ọmọlúàbí ńlá ni èyí.

Ní 1989, Tabaré Vázquez ti ẹgbẹ́ náà, dókítà onímọ̀ àrùn jẹjẹrẹ, gba ipò olórí ìlú Montevideo. Àtúnṣe òfin ọdún 1996 wá mú ìdìbò ìpele kejì fún ipò ààrẹ wọlé, èyí tí ẹni méjì tó ṣíwájú máa ń kojú ara wọn bí ẹnikẹ́ni kò bá rí ju ìdajì ìbò lọ. Ìpele kejì yìí ni àwọn ẹgbẹ́ àtijọ́ ti pawọ́ pọ̀ borí Vázquez ní 1999. Ní 2004, ó rí ju ìdajì lọ ní ìpele àkọ́kọ́, ó sì wọlé sípò ààrẹ. José Mujica, tí òun náà jẹ́ ti Frente Amplio, ló wọlé tẹ̀lé e ní 2009, Vázquez sì padà wọlé ní 2014. Ìbò díẹ̀ ni ẹgbẹ́ náà fi fìdí rẹmi ní 2019, kí Yamandú Orsi tó gba ìjọba padà nínú ìdìbò oṣù Kọkànlá 2024.